Ta Ló Ni Àpótí Yìí?

Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 1988, akẹ́kọ̀ọ́ 35 tí Yunifásítì Syracuse ní Amẹ́ríkà rán lọ kàwé ní Yúróòpù ń darí relé. Sẹ̀mẹ́sítà ti parí. Wọ́n ti dágbére fún ọ̀rẹ́, wọ́n ti di ẹ̀bùn Kérésìmesì sínú àpótí. Ọdún ku ọjọ́ mẹ́rin péré.

Bí o bá ti rán ọmọ lọ sókè òkun rí, o mọ bí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń rí nílé. Ìyá á ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ sílẹ̀. Bàbá á máa wo aago, á máa béèrè ìgbà tí bàálù máa balẹ̀.

Bàálù tí wọ́n wọ̀, Pan Am 103 ti ilé-iṣẹ́ bàálù Pan Am ní Amẹ́ríkà, gbéra ní Heathrow, Lọ́ńdọ̀nù, ní nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Kò pé ogójì ìṣẹ́jú lójú òfurufú tí bọ́ǹbù fi bú gbàmù níbi tí wọ́n kó ẹrù sí. Ọkọ̀ náà fọ́ lókè ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Lockerbie, ní Skọ́tláǹdì. Gbogbo ènìyàn 259 tó wà nínú rẹ̀ ló kú. Ìyẹ́ rẹ̀ já lu ilé àwọn aráàlú, ó sì pa ènìyàn 11 sí i.

Inú rédíò alákásẹ́ẹ̀tì kan ni bọ́ǹbù náà wà, inú àpótí aṣọ sì ni rédíò náà wà. Nígbà tí ilé-ẹjọ́ Skọ́tláǹdì dájọ́ ní ọdún 2001, ó ní Malta ni àpótí náà ti gbéra, ó gba Frankfurt ní Jámánì kọjá, ó dé Lọ́ńdọ̀nù, ó sì wọ bàálù àwọn ọmọ yìí. Àpótí rìnrìn àjò, kò sí èrò kankan tó bá a rìn.

Dúró síbí, kí o wò ó dáadáa, nítorí ibí ni ikú gbà wọlé.

Ìlànà wà nígbà náà ní àwọn pápákọ̀ òfurufú bíi Frankfurt. Ó ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ bàálù Amẹ́ríkà mú ẹrù tó ti inú ọkọ̀ mìíràn wá, kí wọ́n fi wé àwọn èrò tó wọlé. Ta ló ni àpótí yìí? Ṣé ó ti jókòó? Bí ẹni tó ni ín kò bá sí, kí wọ́n tú u wò, tàbí kí wọ́n fi í sílẹ̀. Iṣẹ́ yìí ń gba àkókò, ó ń gba òṣìṣẹ́, ó sì lè mú kí ọkọ̀ pẹ́. Pan Am pa á tì. Wọ́n ń gbé ẹrù gba inú ẹ̀rọ X-ray, wọ́n ní ìyẹn tó. Ní Heathrow, wọ́n kó ẹrù tó ti Frankfurt dé láti inú ọkọ̀ kan sínú èkejì. Wọn kò fi wé èrò, wọn kò sì tún yẹ̀ ẹ́ wò.

Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni kò kìlọ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1985, bọ́ǹbù já bàálù Air India lulẹ̀ sínú òkun nítòsí Ireland, ènìyàn 329 sì kú. Inú àpótí tí ẹni tó ni ín kò wọ ọkọ̀ ni bọ́ǹbù náà wà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1988, ọlọ́pàá Jámánì rí bọ́ǹbù tí wọ́n fi pamọ́ sínú rédíò, ìkìlọ̀ sì dé ọ̀dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ bàálù. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Àwọn wọ̀nyí gbọ́, ṣùgbọ́n wọn kò gbọ́n.

Báyìí ni irú rẹ̀ ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Lónìí o yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí nǹkan. Lọ́la o yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí nǹkan. Bó bá di ọjọ́ kan, ọkàn rẹ á ní, "Ìgbà wo ni nǹkan ṣẹlẹ̀ rí?" O fò ó. Nǹkan kò ṣẹlẹ̀. O tún fò ó. Kí o tó mọ̀, ó ti di àṣà. Ẹni ibi kò sì nílò ju ọjọ́ kan ṣoṣo lọ.

Aṣọ àwọn èrò fọ́n ká orí pápá ní Lockerbie. Àwọn obìnrin ìlú náà kò jẹ́ kí wọ́n kó o dànù. Wọ́n fọ ẹrẹ̀ àti epo kúrò lára rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n ká a, wọ́n dì í, kí wọ́n lè fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí. Ọmọ ni ìyá ń retí. Aṣọ ló gbà.

Pan Am, tó ti wà láti ọdún 1927, kógbá sílé ní oṣù Kejìlá ọdún 1991. Gbèsè ti wà lọ́rùn rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí sì dá kún un. Ní ọdún 1992, ilé-ẹjọ́ kan ní New York dá a lẹ́bi pé ó mọ̀ọ́mọ̀ pa ojúṣe rẹ̀ tì. Ẹni tó di bọ́ǹbù ni apànìyàn, Ọlọ́run yóò sì bi í. Ṣùgbọ́n ẹni tí a fi ṣọ́ ẹnu ọ̀nà náà ní ẹjọ́ tirẹ̀ láti rò.

Ìwọ awakọ̀ tí wọ́n ń gbé wébíìlì fún ní gáréèjì, mọ ẹni tó fún ọ, kí o sì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìwọ nọ́ọ̀sì, ka orúkọ ara àpò ẹ̀jẹ̀, kí o sì bi aláìsàn ní orúkọ rẹ̀ kí o tó fà á sí i lára, bí o tilẹ̀ mọ̀ ọ́n láti àná. Ìwọ olùkọ́, má fa ọmọ lé àjèjì lọ́wọ́ nítorí pé ó mọ orúkọ ọmọ. Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń darí bọ̀ wálé, fọwọ́ ara rẹ di àpótí rẹ. Bí ará ìlú rẹ bá ní kí o bá òun gbé ẹrù dé Èkó, ní kó tú u níṣojú rẹ. Bó bá kọ̀, dá a padà fún un, kó máa bínú.

Apá kan wà nínú iṣẹ́ tó wà níkàáwọ́ rẹ tí o ti ń fò nítorí pé nǹkan kò tíì ṣẹlẹ̀. O mọ èyí tí mò ń wí. Padà sídìí rẹ̀ lọ́la, kí o má ṣe dúró di ọjọ́ tí o máa mọ ìdí tí wọ́n fi ní kí o máa ṣe é.