Ààrò Mẹ́ta Lójú Ọ̀run

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò lọ́tẹ̀ yìí ni ọ̀rọ̀ ìrẹ́pọ̀. Kò sí ìpàdé tí a ń ṣe tí a kì í dárúkọ rẹ̀. Òun ni a fi ń súre fún ìyàwó tuntun, òun ni a fi ń parí ẹjọ́, òun náà ni a ń tọrọ fún ìlú. Síbẹ̀, bí ọmọdé kan bá bi wá pé, "Ìyá, báwo ni ìrẹ́pọ̀ ṣe rí?" ó lè ṣòro fún wa láti fi ọwọ́ tọ́ka sí i.

Mo rò pé a lè tọ́ka sí i lójú ọ̀run. Ká ní a láṣẹ láti kó ìràwọ̀ díẹ̀ jọ, kí a sì fún wọn ní orúkọ kan tí yóò máa rán àwọn ọmọ wa létí ìrẹ́pọ̀, àwọn wo ni à bá kó jọ? Kí ni à bá sì máa pè wọ́n? Ẹ má ṣe rò pé eré ọmọdé ni. Bí a bá ṣe dáhùn ni yóò fi hàn bóyá ohun tí à ń pè ní ìrẹ́pọ̀ jẹ́ ìrẹ́pọ̀ lóòótọ́, tàbí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ lásán.

Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ọmọ ènìyàn ti ń sọ ìràwọ̀ lórúkọ. Ìwé Jóòbù, orí 38, dárúkọ Oríónì. Àwọn baba wa ń pe èyí tó máa ń tàn nítòsí òṣùpá ní Àgùàlà, àwọn mìíràn sì ń pè é ní ajá òṣùpá. Sirius, ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ ju gbogbo ìràwọ̀ òru lọ, ni àwọn atukọ̀ ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ sí Ìràwọ̀ Ọkọ̀. Àwọn òyìnbó náà ṣe tiwọn. Ní 1751, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Nicolas-Louis de Lacaille, fi ọkọ̀ ojú omi dé Cape Town ní ìsàlẹ̀ Áfíríkà láti ka ìràwọ̀ ìhà gúúsù. Agbo ìràwọ̀ tuntun 14 ni ó dá sílẹ̀. Irinṣẹ́ ìgbà tirẹ̀ ni ó fi sọ wọ́n lórúkọ: aago, awò tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn, àní ààrò tí àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì fi ń sun nǹkan. Ó sì fi òkè ńlá tó wà lẹ́yìn ìlú Cape Town sọ ọ̀kan.

Nígbà tí ó di 1922, àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ gbogbo ayé pàdé ní Róòmù, wọ́n fi iye agbo ìràwọ̀ sí 88, wọn kò sì fi kún un títí di òní. Ṣùgbọ́n ní 2019 wọ́n fún àwọn orílẹ̀-èdè láyè kí kálukú sọ ìràwọ̀ kan lórúkọ. Nàìjíríà sọ tirẹ̀ ní Amadioha, ó sì sọ ayé kan tó ń yí i po ní Equiano. Ojú lásán kò lè rí ìràwọ̀ náà, ṣùgbọ́n orúkọ wa wà níbẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé ohun tí ènìyàn bá kà sí pàtàkì ni ó máa ń gbé sókè. Bí ẹnì kan bá lè gbé ààrò onímọ̀ kẹ́mísìrì sí ojú ọ̀run, ta ni yóò ní kí àwa má gbé ti ìdáná wa síbẹ̀?

Kí a tó gbé e, ẹ jẹ́ kí a fetí sí àwọn tó ti ronú jinlẹ̀ lórí ìrẹ́pọ̀ ṣáájú wa. Ní ilẹ̀ Ṣáínà àtijọ́, ojú ọ̀run dà bí ààfin. Nítòsí ibi tí ìràwọ̀ kì í ti í ṣí nípò ní ìhà àríwá ni wọ́n fi ọba sí. Àwọn ọmọ ọba àti ìjòyè yí i ká, ọjà wà níbẹ̀, ilé ìdáná náà wà níbẹ̀. Olùkọ́ ńlá ilẹ̀ náà, Confucius, tí wọ́n bí ní ọdún 551 ṣáájú ìbí Olúwa wa, fi alákòóso tó ní ìwà rere wé ìràwọ̀ àríwá, tó jókòó sí àyè rẹ̀ tí àwọn yòókù sì ń bọlá fún un. Ó tún kọ́ni pé ènìyàn rere a máa bá ẹnìkejì rẹ́ láìjẹ́ pé wọ́n dà bákan náà, ṣùgbọ́n aláìníwà a máa ṣe bí ẹnìkejì ti ń ṣe, síbẹ̀ kò sí ìrẹ́pọ̀ láàárín wọn.

Ọlọ́gbọ́n mìíràn ní ìgbà ayé rẹ̀, Yan Ying, fi ọbẹ̀ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní omi, iná, iyọ̀ àti ọtí kíkan ni a fi ń se ẹja: ohun tó bá dín, a fi kún un, ohun tó bá pọ̀ jù, a dín in kù. Bí ó bá jẹ́ omi ni a ń bù sí omi, ta ni yóò jẹ ẹ́? Èyí yé àwa obìnrin dáadáa. Kò sí ẹni tó ń ní kí irú má rùn mọ́ kí ọbẹ̀ tó lè dùn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ apá kejì òtítọ́ náà. Nínú àwọn ìwé ìlànà tí àwọn ọmọlẹ́yìn Confucius ń tẹ̀ lé, wọ́n kọ ọ́ pé kí obìnrin gbọ́ràn sí bàbá rẹ̀ lẹ́nu kó tó lọ́kọ, kó gbọ́ràn sí ọkọ lẹ́nu nígbà tó bá lọ́kọ, bí ọkọ bá sì kú, kó gbọ́ràn sí ọmọkùnrin rẹ̀ lẹ́nu. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni ilé ṣe ń tòrò. Nínú irú ọbẹ̀ bẹ́ẹ̀, a ti mọ ẹni tí wọ́n ń sè.

Kí a má sì rò pé Ṣáínà nìkan ni. Ọkọ kú, ẹbí péjọ, wọ́n pín oko, wọ́n pín ilé. Opó jókòó sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, kò sí ẹni tó bi í ní nǹkan kan. Bí ó bá fẹ́ lanu, wọ́n á ní, "Má da ẹbí rú o, jẹ́ kí ìrẹ́pọ̀ wà." Ní 2014, Ilé Ẹjọ́ tó Ga Jùlọ ní Nàìjíríà dá opó kan láti Awka láre, ẹni tí àṣà fẹ́ lé kúrò nílé ọkọ rẹ̀ nítorí pé kò bí ọmọkùnrin. Àwọn adájọ́ ní irú àṣà bẹ́ẹ̀ kò bá ẹ̀tọ́ mu. Mo bi yín: ta ni ó da ìrẹ́pọ̀ ilé náà rú? Ṣé obìnrin tó lọ sí kóòtù ni, àbí àwọn tó gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀? Ní tèmi o, ìrẹ́pọ̀ ti bàjẹ́ kí ó tó lanu. Ariwo rẹ̀ ni ó jẹ́ kí a mọ̀.

Nítorí náà, n kò rò pé ìràwọ̀ àríwá ni ó yẹ kí a fi ṣe àwòrán ìrẹ́pọ̀ tiwa. Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, ìsàlẹ̀ létí igbó ni ìràwọ̀ yẹn wà, eruku ọyẹ́ sì sábà máa ń bò ó. Kò sí ìràwọ̀ kankan tó jókòó sí àtàrí wa kí àwọn yòókù máa yí i po. Àwọn àgbà sì ní òwe méjì fún wa. Èkínní ni pé ojú ọ̀run tẹ́yẹ fò láìfarakanra. Òwe rere ni, ó ń kọ́ni láti fi àyè sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n àwọn ẹyẹ yẹn kò jọ gbé ẹrù kankan. Kálukú ń lọ tirẹ̀ ni. Èkejì ni pé ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Èyí ni ó jinlẹ̀ jù fún ọ̀rọ̀ wa, nítorí pé àwọn òkúta mẹ́ta wọ̀nyí jọ ń gbé ìkòkò kan, wọ́n sì jọ ń jẹ iná kan.

Agbo ìràwọ̀ tí mo fẹ́ kí a sọ lórúkọ nìyí: Ààrò Mẹ́ta. Ní oṣù kejì ọdún, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, ẹ jáde sí ìta níbi tí iná mọ̀nàmọ́ná kò sí, kí ẹ kọjú sí gúúsù, kí ẹ sì gbójú sókè. Ẹ ó rí Ìràwọ̀ Ọkọ̀ tó funfun tó ń dán. Lókè rẹ̀, ní ọwọ́ ìwọ̀ oòrùn, ẹ ó rí ọ̀kan tó pọ́n bí ẹ̀yín iná. Betelgeuse ni wọ́n ń pè é. Ní ọwọ́ ìlà oòrùn ni ẹ̀kẹta wà, Procyon. Àlàfo tó wà láàárín wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, gẹ́lẹ́ bí òkúta ìdáná. Bí ojú ọ̀run bá mọ́, ẹ ó rí ìlà funfun kan bí èéfín tó gba àárín wọn kọjá.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í ṣe ọmọ ìyá o. Ìmọ́lẹ̀ tó bá kúrò lára Ìràwọ̀ Ọkọ̀ yóò lo ọdún mẹ́jọ àti ààbọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ti Procyon yóò lo nǹkan bí ọdún 11 àti ààbọ̀, ti Betelgeuse yóò lo ọdún tó tó 500 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí Thomas Birch Freeman tó gúnlẹ̀ sí Badagry ní 1842, èyí tí à ń rí lónìí ti wà lójú ọ̀nà tipẹ́. Ọ̀kan tóbi ju oòrùn wa lọ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà, síbẹ̀ kò tàn tó Ìràwọ̀ Ọkọ̀ lójú wa nítorí ọ̀nà jíjìn. Kò sí èyí tó yí àwọ̀ rẹ̀ padà kó lè bá èkejì mu.

Láàárín ìparí 2019 àti ìbẹ̀rẹ̀ 2020, Betelgeuse ṣàdédé ṣókùnkùn. Àwọn kan rò pé ó ti fẹ́ kú. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé ohun tó tú jáde láti ara òun fúnra rẹ̀ ni ó di eruku tó bò ó lójú. Nígbà tí ó ṣe, ó tún mọ́lẹ̀. Bí arábìnrin kan bá ṣókùnkùn láàárín wa, tí kò wá sí ìpàdé mọ́, tí kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn, ẹ má tètè yọ òkúta rẹ̀ kúrò nídìí ìkòkò. Ẹ kọ́kọ́ lọ wo ohun tó bò ó.

Ohun kan tún wà tí gbogbo ẹni tó bá ti dáná rí mọ̀. Òkúta ìdáná kì í dọ́gba. A máa ń wa ilẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ èyí tó ga, a sì máa ń fi nǹkan sábẹ́ èyí tó kúrú. Kì í ṣe kí òkúta lè dọ́gba ni, bí kò ṣe kí ìkòkò lè jókòó dáadáa. Ohun tí à ń pè ní ẹ̀tọ́ nìyẹn. Níbi tí a kò bá ti ṣe é, òkúta kan ni yóò máa gbé gbogbo ẹrù, yóò sì máa dákẹ́, àwa yóò sì máa pe ìdákẹ́ rẹ̀ ní ìrẹ́pọ̀ títí di ọjọ́ tí ọbẹ̀ yóò dà nù.

Àwa Ọ̀kun pàápàá dà bí agbo ìràwọ̀. Owé, Yàgbà, Bùnú, Ìjùmú àti Ọ̀wọ́rọ̀, kálukú ní ohùn tirẹ̀ àti ọba tirẹ̀. A jọ jìyà ogun Nupe ní ọ̀rúndún 19, a jọ wà ní Kabba Province láyé òyìnbó, a jọ wọ ìpínlẹ̀ Kogi ní 27 oṣù kẹjọ 1991. Kí ni ó wá fún wa ní orúkọ kan ṣoṣo? Ìkíni ni. Ẹni tó bá rí ẹnìkejì rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ tàbí nínú ìṣòro tó sì ní "ọ̀kun o" ti fi hàn pé òun rí ẹrù tó wà lórí rẹ̀. Kò ní kí Bùnú di Yàgbà kí wọ́n tó lè kí ara wọn.

Àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ kò ní kọ Ààrò Mẹ́ta sínú ìwé wọn, kò sì sí èyí tó kàn wá níbẹ̀. Ẹ fi han àwọn ọmọ yín, ọkùnrin àti obìnrin. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹni tí a kò gbọ́ ohùn rẹ̀ nílé kò tíì wà nínú ìrẹ́pọ̀ ilé náà. Nígbà tí ẹ bá sì tún jókòó ní ìpàdé, tí ẹnì kan bá ní kí a jẹ́ kí ìrẹ́pọ̀ wà, ẹ fi pẹ̀lẹ́ bèèrè pé: òkúta wo ni ìkòkò yìí ń tẹ̀ jù?