Adájọ́ Tí Kì Í Ṣe Ojúsàájú



Nígbà tí Jèhóṣáfátì ọba Júdà yan àwọn adájọ́ sí àwọn ìlú olódi rẹ̀, ó kìlọ̀ fún wọn pé Olúwa ni wọ́n ń dá ẹjọ́ fún, kì í ṣe ènìyàn (2 Kron. 19). Ìkìlọ̀ yìí kan àwa ará Ẹdẹ pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 2019, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ kò dá Adémọ́lá Adélékè, ọmọ ìlú wa, láre lórí ipò gómìnà. Adájọ́ márùn-ún ni ó dá ẹjọ́ náà bẹ́ẹ̀, àwọn méjì kò sì gbà. Àwọn kan ní òdodo ti kú. Ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ilé ẹjọ́ kan náà dá a láre lórí ìdìbò mìíràn, wọ́n sì ní òdodo ti jí dìde. Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: òdodo ni a ń fẹ́ ni, tàbí èrè tiwa?

Nítòsí wa níhìn-ín, ní Iléṣà, ni a gbé bí Adájọ́ Káyọ̀dé Ẹ̀ṣọ́ ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1925. Ó kọ́ ìmọ̀ òfin ní Dublin ní ilẹ̀ Ireland, ó sì jókòó ní Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ láti ọdún 1978 títí di 1990.

Ní ọdún 1965, nígbà tí ìjà òṣèlú ń jó ilẹ̀ wa bí iná ọyẹ́, a mú Wọlé Ṣóyínká wá síwájú rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ẹ̀sùn náà ni pé ó fi ìbọn wọ ilé asọ̀rọ̀mágbèsì, ó sì fi ọ̀rọ̀ mìíràn rọ́pò ọ̀rọ̀ Akíntọ́lá, olórí ìjọba. Adájọ́ náà yẹ ẹ̀rí wò, ó rí i pé kò tó, ó sì dá a sílẹ̀, bí inú àwọn alágbára kò tilẹ̀ lè dùn sí i.

Ní ọdún 1979, adájọ́ méje gbọ́ ẹjọ́ Awólọ́wọ̀ àti Ṣàgàrí. Kí ni ìdá méjì nínú mẹ́ta ìpínlẹ̀ 19? Ẹ̀ṣọ́ ní 13 ni. Àwọn mẹ́fà yòókù kò dá Awólọ́wọ̀ láre. Òun nìkan ni ó dúró.

Ẹlẹ́nu búburú lè wí pé Yorùbá ni ó ń gbè Yorùbá. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọdún 1986. Ìjọba ológun ìpínlẹ̀ Èkó lé Òjúkwú jáde nínú ilé kan nígbà tí ẹjọ́ ilé náà ṣì wà níwájú ilé ẹjọ́. Ọmọ Ígbò ni Òjúkwú, òun sì ni ó ṣe olórí àwọn tí ó bá Nàìjíríà jagun. Síbẹ̀ Ẹ̀ṣọ́ kọ ìdájọ́ pé ìjọba kò gbọdọ̀ fi agbára ṣe ohun tí ilé ẹjọ́ kò tí ì parí. Òṣùwọ̀n tí ó fi wọn ti ará ilé ni ó fi wọn ti àlejò. Ó sùn nínú ikú ní ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá ọdún 2012, ní ẹni ọdún 87.

Ẹ̀yin ará, kì í ṣe adájọ́ nìkan ni ó ń dá ẹjọ́. Baálé ń dá a láàrin àwọn ọmọ. Olùkọ́ ń dá a ní kíláàsì, nígbà tí ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá ṣẹ ọmọ tálákà. Ìgbìmọ̀ ìjọ ń dá a, nígbà tí olówó àti opó bá jọ ń jà sí ilẹ̀. Àwọn baba wa wí pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹni tí ó ń yin adájọ́ kìkì nígbà tí ó bá dá a láre kò tí ì fẹ́ òdodo. Ara rẹ̀ ni ó fẹ́.

Kí Olúwa, Onídàájọ́ gbogbo ayé, kí ó fún wa ní ọkàn tí ó lè gba òtítọ́ nígbà tí ó bá korò sí wa, àti ẹsẹ̀ tí ó lè dá dúró nígbà tí ọ̀pọ̀ bá yà kúrò lọ́nà. Àmín.