Owó Ọlájuwọ́n àti Ọ̀rọ̀ Èlé

Tí wọ́n bá dárúkọ Hakeem Ọlájuwọ́n, ọmọ Èkó tó gbá básíkẹ́ẹ̀tì dé òkè téńté, èló ló ní ni ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ ń bèèrè. Ìdáhùn rẹ̀ kò fara sin. Ní 1984, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ NBA, ìdíje básíkẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà, ń yan agbábọ́ọ̀lù tuntun, ẹgbẹ́ Houston Rockets mú un ṣáájú gbogbo àwọn yòókù, títí kan Michael Jordan. Nígbà tó fi fẹ̀yìn tì ní 2002, owó iṣẹ́ tó ti gbà lé ní mílíọ̀nù 100 dọ́là. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó gba Ọlọ́run gbọ́, iye owó kọ́ ni ìdí ọ̀rọ̀. Ohun tí olówó kọ̀ láti fi owó rẹ̀ ṣe ló yẹ ká wò.

Mùsùlùmí ni Ọlájuwọ́n, Kùránì sì ka èlé léèwọ̀. Nígbà tó ń ra ilẹ̀ àti ilé ní Houston, kò yáwó báǹkì. Owó ọwọ́ rẹ̀ ló fi ń rà á, nínú òwò tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi owó èlé dolówó. Ilé báǹkì àtijọ́ kan láàárín ìgboro ibẹ̀, ó rà á, ó sì sọ ọ́ di mọ́ṣáláṣí. Kì í ṣe pé ìgbà tó lówó tán ló rántí ẹ̀sìn: ó ń gbààwẹ̀ Rámádàánì lójú ìdíje, nínú ààwẹ̀ oṣù kejì 1995 gan-an ni NBA sì fi í ṣe agbábọ́ọ̀lù tó pegedé jù lóṣù náà.

Ẹnìkan lè sọ pé olówó nìkan ló lè kọ èlé. Òṣìṣẹ́ tó fẹ́ ra ilé ní Festac ní Èkó, tàbí tó fẹ́ ra ilẹ̀ ní Àmúwo-Ọ̀dọ̀fin, níbo ni yóò ti rí gbogbo owó náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo? Àtakò yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Síbẹ̀, ẹ wo èésú tí àwọn ìyá wa ń dá. Kí á ní èèyàn 12 ń dá N50,000 lóṣooṣù. Ẹni tó kọ́kọ́ kó N600,000 ti jẹ gbèsè oṣù 11, kò sì ní san kọ́bọ̀ lé e. Kò sí olówó kankan láàárín wọn. Láti 2012 náà ni Báǹkì Jaiz ti ń ṣiṣẹ́ láìgba èlé nílẹ̀ yìí. Òótọ́ ni pé èésú kò lè ra ilé. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń yáni lówó ni òfin èlé kọ́kọ́ bá wí, kì í ṣe ẹni tó ń wá ilé. Bí a kò bá rí ibi yáwó láìsí èlé ní Àmúwo-Ọ̀dọ̀fin, ọrùn àwa tí a lówó lọ́wọ́ ni ẹ̀bi náà wà.

Àwọn mìíràn á ní òógùn ojú Ọlájuwọ́n ni owó rẹ̀, kó ṣe é bó ṣe wù ú. Iṣẹ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n gíga tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹsẹ̀ bàtà méje kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Yálà a pè é ní orí tàbí kádàrá, ẹ̀bùn ni. Ìdí nìyẹn tí sàká fi jẹ́ ẹ̀tọ́ aláìní, tí kì í ṣe ojú àánú lásán.

Àtakò tó le jù ni pé àwọn tó ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù lè máa fi gbèsè elélèé ṣòwò, kí wọ́n sì máa sanwó òṣìṣẹ́ nínú rẹ̀. Mo gbà pé kò sẹ́ni tó lè fọ gbogbo ọjà mọ́. Àmọ́ lójú tèmi, Ọlọ́run kò ní bi òṣìṣẹ́ léèrè ibi tí ọ̀gá rẹ̀ ti rówó; iṣẹ́ tó ṣe ni yóò bi í, àti ohun tó fi owó náà ṣe nígbà tó bọ́ sí i lọ́wọ́.