Ọba Kì Í Pé Méjì Láàfin

Yorùbá ní ọba kì í pé méjì láàfin, ìjòyè lè pé mẹ́fà. Òwe yìí kò fi oyè du ẹnikẹ́ni. Adé nìkan ni kò gbà kí a pín. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, àjọ mẹ́rin, WBA, WBC, IBF àti WBO, ló ń dé akànṣẹ́ ládé àgbáyé nínú ìwọ̀n ara kan náà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, Oleksandr Usyk na Tyson Fury ní Riyadh, adé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì bọ́ sí orí kan. Kò tó oṣù méjì tó fi ti IBF sílẹ̀, adé náà sì bọ́ sọ́wọ́ Daniel Dubois, ẹni tí Usyk fúnra rẹ̀ ti borí ní 2023.

Àwọn kan á ní adé púpọ̀ ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ akànṣẹ́ rí oúnjẹ jẹ. Òótọ́ ni, àmọ́ òwe náà ti dá wọn lóhùn: ẹ fi wọ́n joyè. Ìjòyè mẹ́fà kò ba ààfin jẹ́. Ọba mẹ́rin ni kì í jẹ́ kí ará ìlú mọ ẹni tí wọn yóò dọ̀bálẹ̀ fún.