Ọlọ́wọ́ Òsì àti Gìtá Rẹ̀

Láti ìgbà tí ọmọ Yorùbá bá ti lè na ọwọ́ gba nǹkan ni a ti ń kọ́ ọ pé ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń gba ẹ̀bùn, òun ni a fi ń jẹun, òun náà ni a sì fi ń na nǹkan sí àgbà. Àwọn baba wa a sì máa wí pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ẹ̀kọ́ yìí dára. Ṣùgbọ́n bí a bá ka ènìyàn mẹ́wàá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé a ó rí ẹnì kan láàárín wọn tí ó jẹ́ pé ọwọ́ òsì ni Ẹlẹ́dàá fi agbára àti òye iṣẹ́ rẹ̀ sí. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ tí a ṣe ohun èlò rẹ̀ fún ọlọ́wọ́ ọ̀tún, kí ni kí ó ṣe? Ṣé kí ó yí ọwọ́ rẹ̀ padà ni, tàbí kí ó yí ohun èlò náà padà? Ta ni ó sì yẹ kí ó pinnu ọ̀ràn náà? Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ gbé yẹ̀wò, gìtá ni a ó sì fi ṣe àpẹẹrẹ.

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a ya ọ̀nà méjì sọ́tọ̀ kúrò lára ara wọn. Ọ̀kan ni ọ̀ràn ìbọ̀wọ̀fún, èkejì ni ọ̀ràn iṣẹ́ ọwọ́. Nígbà tí ọmọ bá fi ọwọ́ ọ̀tún gbé omi fún baba rẹ̀, kì í ṣe pé omi náà yóò tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmì ọ̀wọ̀ ni, ẹni tí a ń bọ̀wọ̀ fún ni ó sì ni àmì náà. Ọlọ́wọ́ òsì tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ kò pàdánù ohunkóhun. Ṣùgbọ́n nígbà tí káfíńtà bá di òòlù mú, tàbí tí olórin bá gbé gìtá kọ́ ọrùn, kò sí ẹni tí ó ń kí. Iṣẹ́ ni ó ń ṣe, ohun kan ṣoṣo tí iṣẹ́ sì ń béèrè ni pé kí ó dára. Ẹni tí ó bá da ọ̀nà méjèèjì pọ̀ yóò máa na ọmọ nítorí àfojúdi nígbà tí ọmọ kò ṣe àfojúdi kankan. Ẹ jẹ́ kí a rántí pẹ̀lú pé òsì kì í ṣe òṣì. Bí Ìbàdàn ti ní Ọ̀tún Balógun ni ó ní Òsì Balógun, oyè ńlá sì ni méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo gìtá fúnra rẹ̀. Èyí tí ó wọ́pọ̀ ní okùn mẹ́fà. Ọlọ́wọ́ ọ̀tún a gbé e ka iwájú àyà, ọrùn gìtá náà a sì nà sí apá òsì rẹ̀. Ìka ọwọ́ òsì ni ó ń tẹ okùn mọ́ ọrùn yìí láti yan ohùn. Ọwọ́ ọ̀tún ni ó ń ta okùn kí ohùn náà lè jáde. Okùn tí ó nípọn jù, tí ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ jù, a wà lókè. Èyí tí ó tín-ín-rín jù a wà nísàlẹ̀. Ẹni tí ó bá ti wo onídùndún dáadáa ti mọ irú iṣẹ́ yìí. Ọwọ́ ọ̀tún ni ó fi kọ̀ǹgọ́ lu ìlù, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì tí ń fún ọsán ni ó ń mú kí ìlù náà sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá wí pé òsì kò wúlò, ẹ bi í léèrè ọwọ́ tí ń yí ohùn padà nígbà tí dùndún bá ń ki ọba.

Nítorí èyí ni àwọn kan ṣe ń wí pé kò sí ìdí tí ọlọ́wọ́ òsì fi ní láti yí gìtá padà rárá. Wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ tí ó gbọ́n ni yóò máa yan ohùn, èyí sì jẹ́ èrè fún un. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ asán. Mark Knopfler, tí a bí ní ìlú Glasgow ní 1949, ọlọ́wọ́ òsì ni. Síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni ó ń ta gìtá, òkìkí rẹ̀ sì kàn káàkiri ayé. Ẹni tí ó bá tọ ọ̀nà yìí lè wọ ilé ìtajà èyíkéyìí kí ó rí gìtá rà, ó lè yá ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ lò, ó sì lè wo ọwọ́ olùkọ́ rẹ̀ kí ó ṣe gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣe. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ń ta okùn ni ó ń di ìlù orin mú. Bí ọwọ́ náà bá ń lọ́ra, ìka tí ń yan ohùn ì báà yá bí àṣá, orin kò ní gún.

Àwọn mìíràn gbìyànjú ọ̀nà yìí, kò sì bá wọn lára mu. Paul McCartney, tí a bí ní Liverpool ní 1942, kọ́kọ́ di gìtá mú bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń dì í mú, ọwọ́ rẹ̀ kò sì gbà. Ní ọjọ́ kan ó rí àwòrán Slim Whitman, olórin ará Amẹ́ríkà, tí ó kọ ọrùn gìtá rẹ̀ sí apá ọ̀tún. Ìgbà náà ni ó mọ̀ pé a lè yí i padà. Ó tú okùn gìtá rẹ̀, ó tò wọ́n ní òdìkejì, ọ̀nà sì là fún un. Ohun ìyanu ni pé Whitman fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọlọ́wọ́ òsì. Ìjàǹbá ibi iṣẹ́ ni ó gé e ní ìka ọwọ́ òsì, tí kò fi lè fi ọwọ́ náà tẹ okùn dáadáa mọ́. Ohun tí àjálù fi kọ́ ẹnì kan di ìmọ́lẹ̀ fún ẹlòmíràn tí kò mọ̀ rí.

Jimi Hendrix, tí a bí ní Seattle ní 1942 tí ó sì kú ní 1970, ṣe bákan náà. Gìtá ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni ó ń dorí rẹ̀ kodò, tí ó sì ń tún okùn rẹ̀ tò. Àwọn ará ilé rẹ̀ ròyìn pé baba rẹ̀ kò fẹ́ kí ó máa fi òsì ta á; nítorí náà bí baba bá ti wọlé, ọmọ a yí gìtá padà sí ọ̀tún, bí baba bá sì jáde, a dá a padà sí òsì. Kí ni baba rí gbà nínú èyí? Kò sọ ọmọ rẹ̀ di ọlọ́wọ́ ọ̀tún. Ọgbọ́n ìfarapamọ́ ni ó kọ́ ọ.

Ọ̀nà kẹta ni ti Elizabeth Cotten, obìnrin aláwọ̀ dúdú tí a bí ní ìpínlẹ̀ North Carolina ní 1893. Báńjò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni ó fi kọ́ orin nígbà tí ẹ̀gbọ́n náà bá lọ sí ibi iṣẹ́. Nítorí pé ohun èlò náà kì í ṣe tirẹ̀, kò lè tún okùn rẹ̀ tò. Ó dorí rẹ̀ kodò bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó fi owó ara rẹ̀ ra gìtá ní dọ́là 3.75, bẹ́ẹ̀ náà ni ó ṣe ń ta á. Àtàǹpàkò rẹ̀ ni ó ń ta ohùn òkè, àwọn ìka yòókù ni ó ń ta ohùn ìsàlẹ̀, èyí tí ó yàtọ̀ sí ti gbogbo ayé. Láti ìgbà èwe rẹ̀ ni ó ti ṣe orin Freight Train. Ó fi gìtá sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ń ṣe iṣẹ́ ilé fún ẹlòmíràn. Ó ti dàgbà gan-an kí àwo orin rẹ̀ àkọ́kọ́ tó jáde ní 1958. Ní 1985 ó gba ẹ̀bùn Grammy. Àwọn ọlọ́wọ́ ọ̀tún wá jókòó, wọ́n ń wá bí wọn yóò ti ta gìtá bí tirẹ̀.

Bí a bá wo àwọn wọ̀nyí, a ó rí i pé kò sí ọ̀nà kan tí kò gbé ènìyàn dé ibi gíga, kò sì sí èyí tí kò ní ìnáwó tirẹ̀. Ẹni tí ó bá yí gìtá padà yóò rí i pé èyí tí ó bá a mu ṣọ̀wọ́n ní ọjà, àti pé bí ó bá dé àwùjọ, kò ní lè ta gìtá ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹni tí kò bá sì yí i padà lè fi ọdún púpọ̀ bá ọwọ́ ara rẹ̀ jà.

Ẹnì kan lè wí pé ọmọdé kò gbọ́n tó láti yan irú nǹkan báyìí, àti pé láti kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Òtítọ́ ni òwe náà, ṣùgbọ́n ìwà ni a fi í kọ́. Olè, irọ́ àti ìmẹ́lẹ́ ni ẹ̀ka tí a ń gé. Ọwọ́ tí Ọlọ́run fi fún ọmọ kì í ṣe ìwà, nítorí náà kò lè jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ojúṣe àgbà ni láti sọ iye tí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan yóò ná ọmọ, kí ó sì jẹ́ kí ó di gìtá mú ní ọ̀tún àti ní òsì fún ọjọ́ mélòó kan kí ó tó yàn, nítorí ní ìbẹ̀rẹ̀ ni yíyàn rọrùn; bí ó bá ti mọ́ ọwọ́ lára tán, ó di ìṣòro. Lẹ́yìn èyí, ẹni tí yóò ru ẹrù ni kí a jẹ́ kí ó gbé òṣùká ka ibi tí orí rẹ̀ fẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti yan òṣùká kò gbọdọ̀ máa kùn nítorí ẹrù. Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́ tí o jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì, má ṣe fi ọwọ́ rẹ ṣe àwáwí fún ọ̀lẹ. Cotten kò rí olùkọ́, kò rí gìtá tí a ṣe fún un, síbẹ̀ kò fi èyí ṣe ẹkún. Ìwọ tí o sì jẹ́ ọlọ́wọ́ ọ̀tún, rántí pé kì í ṣe ọgbọ́n rẹ ni ó mú kí gbogbo ohun èlò bá ọ lára mu. Pípọ̀ tí ẹ̀yin pọ̀ ni. Má ṣe fi ẹni tí ó ń tiraka lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ ṣe ẹlẹ́yà. Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́.