ÈRÈ TA NI À Ń JẸ?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin lóbìnrin, bí àwọn gbájú-ẹ̀ bá ti lu èèyàn ní jìbìtì tán, ohun tí a máa ń gbọ́ ni pé: "Ta ló kó owó wa lọ?" Ìbéèrè náà tọ̀nà, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Èyí tó yẹ kí ó ṣáájú rẹ̀ ni pé: èrè tí wọ́n fẹ́ san fún mi yìí, níbo ló ti ń wá?

Ní ọdún 1920, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, Charles Ponzi ṣèlérí pé ẹni tó bá kó owó fún òun yóò gbà á padà pẹ̀lú èrè ìdajì rẹ̀ láàárín ọjọ́ 45. Owó ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ló fi ń san ti ẹni tó ti wà nílẹ̀. Ọgbọ́n kan náà ni MMM lò ní Nàìjíríà: 30 náírà lórí 100 náírà lóṣooṣù, títí ó fi ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn èèyàn ní oṣù Kejìlá ọdún 2016. CBEX tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ní òun yóò sọ owó di ìlọ́po méjì láàárín nǹkan bí oṣù kan. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, owó kò ṣeé gbà jáde mọ́. Ní Ìbàdàn, àwọn tí inú ń bí ya wọ ọ́fíìsì rẹ̀, wọ́n sì kó ẹrù ibẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ó. Bí 100,000 náírà bá ń di ìlọ́po méjì lóṣooṣù, yóò ju 409 mílíọ̀nù náírà lọ láàárín ọdún kan. Kí ni wọ́n ń tà? Ẹni tó mọ irú òwò bẹ́ẹ̀, kí ló fẹ́ fi owó tiwa ṣe? Ẹni tí yóò dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á wò.

Àwọn àmì yòókù kò fara sin. Wọn a ní èrè dájú, kò sí àdánù. Bẹ́ẹ̀ òwò gidi lè jèrè, ó sì lè pàdánù. Wọn a ní kí a yára kí àyè tó kún. Wọn a fún wa ní ìpín bí a bá mú ẹlòmíràn wá. Bí a bá fẹ́ gba owó wa, wọn a ní kí a kọ́kọ́ san òmíràn. Bí a bá sì béèrè lọ́wọ́ àjọ SEC tí ìjọba yàn láti mójú tó ìdókòwò, orúkọ wọn kò sí níbẹ̀. Pé Alhaji kan wà nínú rẹ̀, tàbí pé mọ́sálásí la ti gbọ́ ọ, kì í ṣe ẹ̀rí.

Àwọn kan a máa sọ pé: "Mo mọ̀ pé yóò dàrú, ṣùgbọ́n màá ti kó tèmi jáde." Owó ta ni wọ́n fẹ́ kó jáde? Ti ìyá aláta tó wọlé lẹ́yìn wọn ni, àti ti akẹ́kọ̀ọ́ tó fi owó ilé-ìwé síbẹ̀. Èyí kì í ṣe ọgbọ́n, àjọjalè ni. Nínú Súrátù Nísáì, Ọlọ́hun kọ̀ fún wa láti fi èrú jẹ dúkìá ara wa, àfi òwò tí tọ̀tún tòsì yọ̀ǹda sí. Ẹni tí wọ́n parọ́ fún kò yọ̀ǹda.

Ẹni tó jẹ èrè náà láìmọ̀ ńkọ́? Àìmọ̀ lè dín ẹ̀bi rẹ̀ kù, ṣùgbọ́n kò sọ owó náà di tirẹ̀. Ojú owó rẹ̀ ni tirẹ̀. Èyí tó lé lórí rẹ̀, àwọn tó pàdánù ló ni ín. Kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn tí òun fúnra rẹ̀ fà wọlé.

Ẹ̀yin ará mi, ìbéèrè kan náà ló ń ṣọ́ àpò wa, òun náà ló ń ṣọ́ ẹ̀sìn wa. Bí a kò bá mọ ibi tí èrè ti ń wá, kí a fà sẹ́yìn. Ọlọ́hun kí ó fi hàlálì tó ní alùbáríkà rọ̀ wá lọ́rùn. Àmín.