Ta Ló Ń Jẹ́ "Mo" Nínú Ìwé Kóòtù?

Bí ẹ bá ń gbé Barking tàbí Dagenham, ẹ mọ irú ọ́fíìsì lọ́yà tí mò ń sọ. Òkè ṣọ́ọ̀bù ló máa ń wà. Nísàlẹ̀, wọ́n ń ta adìyẹ díndín tàbí wọ́n ń báni fi owó ránṣẹ́ sílé. Lókè, wọ́n ń ṣe ẹjọ́ ilé, ẹjọ́ ìwé ìgbélùú, ẹjọ́ ìjàǹbá mọ́tò. Lọ́yà méjì, akọ̀wé kan, àga mẹ́fà fún àwọn tó ń dúró. Mo ti bá àwọn èèyàn wa lọ sí irú ibẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ògbufọ̀ fún ọdún mélòó kan. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ rò lónìí kò ju ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lọ: "I", tí àwa ń pè ní "mo".

Kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé bí iṣẹ́ yẹn ṣe ń lọ, torí ọ̀pọ̀ wa rò pé ńṣe ni lọ́yà ń jókòó kọ ìwé wa látòkè délẹ̀. Rárá o. Látìgbà WordPerfect, tí ọ̀jọ̀gbọ́n kan àti akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Brigham Young University ní Utah dá sílẹ̀, ni àwọn lọ́yà ti ń fi kọ̀ǹpútà kọ̀wé. Word ti Microsoft, tó jáde ní 1983, ló wá gbapò lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Word lásán kò tó wọn, wọ́n tún kọ́ sọ́fítíwíà mìíràn lé e lórí, irú bíi HotDocs. Lọ́yà á kọ ìwé náà lẹ́ẹ̀kan péré, á fi àyè sílẹ̀ fún orúkọ, déètì àti àdírẹ́sì, á wá fi àṣẹ sínú rẹ̀: bí oníbàárà bá lọ́mọ, fi ìpínrọ̀ 7 sí i, bí kò bá lọ́mọ, yọ ọ́. Bó bá jẹ́ obìnrin, kí gbogbo "he" di "she". Sọ́fítíwíà á máa bi akọ̀wé ní ìbéèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, akọ̀wé á máa tẹ ìdáhùn, ìwé olójú ewé mẹ́jọ á sì jáde kí omi tíì tó hó tán nínú kẹ́tùlù. Tẹ́ńpléètì ni wọ́n ń pe ìwé ìpìlẹ̀ náà.

Ìyẹn nìkan kò burú lójú tèmi. Àwa náà kúkú ní tiwa. Ẹ wo lẹ́tà ìtọrọ ìyàwó. Ó tó ẹ̀ẹ̀mẹta tí mo ti jókòó ní gbọ̀ngàn ní Dagenham tí mo gbọ́ pé ìdílé ọkọ rí òdòdó kan nínú ọgbà ìdílé ìyàwó. Òdòdó kan náà, ọgbà kan náà! (Lọ́jọ́ kan, orúkọ ìyàwó ẹlòmíì ṣì wà nísàlẹ̀ lẹ́tà, alága ìdúró yáa fi orin bò ó.) Kò sẹ́ni tí wọ́n tàn jẹ. Gbogbo wa la mọ̀ pé àṣà ló ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe bàbá ọkọ.

Ìwé ẹ̀rí kóòtù kò rí bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni tẹ́ńpléètì ti ń wọ ẹ̀wù èèyàn, tó ń sọ pé "mo".

Màmá kan wà tí mo bá lọ, mi ò ní dárúkọ wọn. Omi ń jò sínú ilé wọn, ògiri ń hu, onílé kò ṣe nǹkan kan sí i. Nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n sọ bó ṣe rí lára wọn, ohun tí wọ́n sọ nìyí: "Ọ̀rinrin yẹn ń wọ̀ mí léegun. Bí mo bá ta jí lóru, àyà àwọn ọmọ ni mo máa ń fetí sí." Ohun tó jáde nínú ìwé ni pé wọ́n ti jìyà "distress and inconvenience". Irọ́ kọ́. Àmọ́ ọ̀rọ̀ wọn kọ́ náà ni.

Ìpínrọ̀ kejì tó tún dà mí láàmú le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Akọ̀wé béèrè pé ọmọ mélòó ni wọ́n ní. Màmá ní mẹ́rin. Ìwé wá kọ ọ́ pé àwọn ni ìyá tó bí ọmọ mẹ́rin. Ìkẹrin nínú wọn, ọmọ àbúrò wọn tó ti di olóògbé ni, tí wọ́n ti ń tọ́ láti ọmọ oṣù mẹ́jọ. Lédè Yorùbá, òdodo ni wọ́n sọ. Ẹni tó bá ní ọmọ yẹn kì í ṣe ọmọ wọn ló máa dáhùn fún un! Nínú tẹ́ńpléètì, òdodo yẹn ti di irọ́. Mo ní kí akọ̀wé dúró, kó tún un ṣe. Ó wo àwọn ohun tí sọ́fítíwíà gbà á láyè láti mú: "son", "daughter", "other". Ọmọ tí wọ́n fi ẹ̀yìn pọ̀n di "other".

Bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n ló wà níbẹ̀ o. Nísàlẹ̀ ìwé ẹ̀rí, ẹlẹ́rìí máa ń fọwọ́ sí i pé òun gbà pé òótọ́ ni, àti pé òun mọ̀ pé wọ́n lè fi ẹ̀sùn àfojúdi sí kóòtù kan ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ parọ́. Ìyẹn lè dé ẹ̀wọ̀n ọdún méjì. Sọ́fítíwíà kì í fọwọ́ sí nǹkan kan.

Àwọn tó ń ṣe òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ti rí ìṣòro yìí dé àyè kan. Láti oṣù kẹrin 2020, ìlànà kóòtù wọn sọ pé ọ̀rọ̀ ẹnu ẹlẹ́rìí fúnra rẹ̀ ni kó wà nínú ìwé ẹ̀rí bó bá ti lè ṣeé ṣe, pé èdè tirẹ̀ ni kí wọ́n fi kọ ọ́, àti pé kí ìwé náà sọ ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ ọ́: ṣé ojúkojú ni, ṣé orí fóònù ni, ṣé ògbufọ̀ wà níbẹ̀. Ní 2022, adájọ́ Ilé Ẹjọ́ Gíga kò gbà kí wọ́n lo ìwé ẹ̀rí ọkùnrin kan tó ń sọ èdè Potogí, nínú ẹjọ́ ìjàǹbá ojú pópó, torí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Ẹni tí kò lè fi Gẹ̀ẹ́sì jẹ́rìí fàlàlà, Yorùbá ló yẹ kí wọ́n fi kọ tirẹ̀, kí ìtumọ̀ wá tẹ̀ lé e.

Ṣùgbọ́n ilé wa ti rí i ṣáájú wọn. Òfin kan wà ní Nàìjíríà láti 1915 tó ń dáàbò bo àwọn tí kò mọ̀wé. Ẹ rántí àwọn akọ̀wé lẹ́tà tó máa ń jókòó ti táípúráítà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòtù àti ilé ìfìwéránṣẹ́. Òfin yẹn ní ẹni tó bá báni kọ ìwé gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì tirẹ̀ sínú ìwé náà gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kọ ọ́. Bó bá ti kọ orúkọ síbẹ̀, ohun tó ń sọ ni pé oníǹkan ló rán òun níṣẹ́, pé òun ti kà á sí i létí, ó sì yé e. Òyìnbó amúnisìn ló ṣe òfin ọ̀hún, kì í ṣe torí ìfẹ́ wa nìkan, àmọ́ mi ò tíì rí èyí tó mọ́gbọ́n dání jù ú lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Kò ní kí akọ̀wé má kọ̀wé. Ó ní kó má fara pa mọ́ sínú "mo" ẹlòmíì.

Lọ́yà kan tí mo bọ̀wọ̀ fún ta kò mí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n máa kọ 'àyà àwọn ọmọ' ni? 'Distress and inconvenience' ni òfin ń sanwó fún." Ó tún rán mi létí oṣù kẹrin 2013, nígbà tí ìjọba gé owó ìrànwọ́ ẹjọ́ kúrò lórí ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ìgbélùú àti ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ilé tó ń bàjẹ́. Ó ní bí kò bá sí tẹ́ńpléètì, iye tí màmá yẹn máa san á pọ̀ débi pé wọn ò ní rí lọ́yà kankan. Mi ò lè já a nírọ́. Ìwé tí kò jọni sàn ju àìníwèé lọ, bí ilé bá ń jò.

Àmọ́ ìwé méjì ló ń lọ sí kóòtù. Ọ̀kan ni ti ẹ̀sùn, níbi tí lọ́yà ti ń sọ ohun tí òfin sọ. Kí ó lo tẹ́ńpléètì níbẹ̀ bó bá ṣe wù ú. Èkejì ni ti ẹlẹ́rìí. Ibi tí "mo" bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ojú ewé náà funfun kí ẹnu tó là. Níbi tí wọ́n sì ti ń sọ bí wọ́n ṣe kọ ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ sọ́fítíwíà tó bá wọn kọ ọ́ àti ìpínrọ̀ tó ti wà nílẹ̀ kí oníbàárà tó wọlé.

Ní tèmi, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí ìwé lójú mi, mo máa ń pa á dé, màá ní kí wọ́n sọ ìpínrọ̀ kan fún mi lẹ́nu ara wọn. Bí kò bá jọ èyí tó wà níbẹ̀, a máa bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, kí akọ̀wé máa wo aago.

Èyí tí mi ò tíì rí ojútùú sí ni tiwa tí a mọ̀wé. Òfin 1915 kò kan nọ́ọ̀sì tó ka ìwé dé yunifásítì, tó dúró nínú reluwé District line lẹ́yìn iṣẹ́ òru, tí lọ́yà fi ìwé olójú ewé mẹ́jọ ránṣẹ́ sí i lórí fóònù, tó fi ìka àtàǹpàkò fọwọ́ sí i láàárín Upney sí Becontree.